Ọkùnrin Tó Fi Ẹran Ara Rẹ̀ Mọ Ọ̀rẹ́

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1980, mo ti pinnu pé èmi ni ẹni tó dá wà jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Inú agboolé kan ní Òkèrèwè ni mo ti ṣe ìpinnu yìí, agboolé tí èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí mo bá fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ tò sẹ́yìn àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn. Síbẹ̀, mo ní mo dá wà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àlàáfíà mi, mo máa ń mí kanlẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mo ní ìdí tèmi. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Yorùbá tí à ń sọ nílé wa ni èyí tí wọ́n gbé kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà èwe wọn, tí a wá bu Haúsá sí bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí mo dé Ifẹ̀, mo rò pé mo délé ni. Lọ́jọ́ kejì, ìyá onílé wa bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Wọ́n tún un sọ. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣé wọ́n ń bi mí pé ṣé èmi ni mo da omi àlùwàlá wọn nù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò bá mi sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ. Bí èmi náà bá sì ṣèèṣì ní "haba," àwọn ọmọ ilé á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa sọ ọ́ kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Gbogbo ilé ló ń pe ìyá onílé yìí ní Ìyá. Opó àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ojú wọn kì í sì í fo nǹkan kan. Ọmọ wọn obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí, jẹ́ aránṣọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ fura sí mi, nítorí pé mo ra ṣẹ́ẹ̀tì dúdú méjì, mo sì ń wọ̀ wọ́n lójoojúmọ́ nínú oòrùn. Mo fẹ́ jọ ẹni tí ìrònú ń jẹ lọ́kàn. Òógùn nìkan ni mo jọ.

Ìyá pè mí lọ́jọ́ kan. "Ọmọ Òkè Ọya, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Aṣọ dúdú yìí ńkọ́?"

"Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Bí ooru bá pa ọ́, aṣọ ọ̀fọ̀ ti wà nílẹ̀."

Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí kíláàsì, tó sì ń dá gbé nínú ilé kan ní apá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé nínú ọgbà. Ẹ jọ̀ọ́, n ó máa pè é ní "ó". Gẹ̀ẹ́sì kò ní "wọ́n" fún àgbà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyá bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú wọn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ yìí bi wá pé irú ìwé wo ni à ń kà tí ẹnikẹ́ni ò bá fi ìdánwò lé wa lẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dárúkọ àwọn ìwé tó bójú mu. Èmi ní ìwé adẹ́rùbani ni tèmi, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tíì kà láyé mi, mi ò sì kà á parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹ́ẹ̀tì mi mu.

Ojú obìnrin náà tàn bí ojú ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lájò. "Ìwọ náà?" ló wí. Ó ní kí n wá yá ìwé nílé òun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó kó àwọn ìwé ńláńlá tí àlejò ń rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí pẹpẹ, mo sì rí i pé ìlà ìwé mìíràn wà lẹ́yìn wọn, tí àwòrán ara wọn lè lé ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ. Ó yọ ọ̀kan nínú wọn.

"Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ka èyí," ló wí. "Bí ó bá le jù fún ọ, dá a padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Mo fẹ àyà. "Mà, ọmọ Jọ́ọ̀sì ni mí." Títí dòní, mi ò mọ ohun tí ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà.

Ọkùnrin kan ló wà nínú ìwé náà, tó kúrò ní erékùṣù olóoru kan lọ sí ìlú ńlá kan tí òtútù pọ̀. Ó gba yàrá kan ní àjà kẹrin. Bó bá pàdé ènìyàn lórí àtẹ̀gùn, á kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíra nílé tirẹ̀, wọ́n á sì fara mọ́ ògiri kí wọ́n lè kọjá. Oṣù ń gorí oṣù, kò gbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀bẹ, ó gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn ìka, ó gé etí. Lẹ́yìn etí, ó kan ẹran itan. Ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀, ó ń fi ara rẹ̀ mọ ẹnìkejì tí yóò máa bá a jókòó. Ẹni tó kọ ìwé náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni: ó sọ bí ọ̀bẹ ṣe ń ró lára egungun, ó sọ bí òórùn ṣe ń yí padà nínú yàrá tí a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, mi ò lè jẹ ẹran mọ́. Àwọn ọmọ Àǹtí ló ń jẹ ẹran mi, wọ́n sì ń gbàdúrà fún mi.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí ẹ̀dá náà pé, tó la ẹnu, èdè ìlú òtútù yẹn ló ń sọ. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ọkùnrin tó fi ẹran ara rẹ̀ mọ ọ́n. Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Mo rántí Haúsá mi tí mi ò rí ẹni bá sọ, mo rántí ẹ̀rín àwọn ọmọ ilé, omi sì bọ́ lójú mi. Ó dá mi lójú pé ìtàn mi ni wọ́n kọ. Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi. Mo kà wọ́n. Mo gbà pé ìdáwà tèmi kò tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan, gbogbo ilé lọ síbi ìkómọ kan lápá Enuwa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé Òkèrèwè, mo dá wà lóòótọ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ kiri. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ń kàwé. Mo dé ibi tí ẹ̀dá náà ti kọ́ bí a ṣe ń rìn, tó ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó ń fi orí ra ilẹ̀kùn.

Nǹkan kan ra ilẹ̀kùn mi.

Mo dìde jókòó. Ó tún rà á, gìrì, gìrì, ó sì mí. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Kò dáhùn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Kò dáhùn. Mo wá fi Haúsá béèrè, bóyá èyí ni yóò gbọ́. Ilẹ̀kùn gbọ̀n rìrì.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe gba ojú fèrèsé yẹn kọjá, nítorí nígbà tí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, èjìká mi kò gbà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú ike ńlá tí Ìyá rẹ pákí sí fún fùfú ni mo bọ́ sí. Pákí ọjọ́ kẹta. Mo yọ ẹsẹ̀, mo sáré, mo gun orí ògiri àgbàlá, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin, ìwé sì wà lábẹ́ apá mi. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti bá mi nígbà tí wọ́n dé. Àgbò tí Ìyá rà sílẹ̀ de Iléyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ń fi ìwo họ ara lára ilẹ̀kùn.

Ìyá wo àgbò. Wọ́n wo ike pákí. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Ọmọ Òkè Ọya, kí lò ń wá lókè yẹn?"

"Mo ń gba afẹ́fẹ́ ni, Ìyá."

"Inú pákí lo kọ́kọ́ ti gbà á?"

Láti ọjọ́ yẹn títí di Iléyá, bí mo bá ti ń wọlé, àwọn ọmọ ilé á máa ké bí àgbò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbogbo.

Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ìwé tó lè gbé odindi ọkùnrin gba ojú fèrèsé. Wọ́n ní kí n wá kà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn obìnrin ilé kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó sáàárín wọn, mo ń túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Mo ti pinnu láti gbẹ̀san àgbò lára wọn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo la ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti gé ìka, mo dánu dúró kí wọ́n lè pariwo.

"Dúró ná," Ìyá wí. "Nígbà tó gé ìka yìí, ta ló bá a di ọgbẹ́?"

"Òun fúnra rẹ̀, Ìyá."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwé ò sọ."

"Kò sẹ́ni tí wọ́n jọ ń gbélé ni?"

"Wọ́n wà, oníkálukú ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni."

"Ẹni tó wà ní àjà kẹta, tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, kò gbọ́ igbe?"

Mo yẹ ojú ewé wò. "Ó gbọ́ ọ, Ìyá. Ó yí rédíò sókè."

Gbogbo wọn dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Àǹtí tún ọ̀rọ̀ náà sọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ó yí rédíò sókè." Ìyàwó ilé kan nu ojú. Ìyá ní, "Aúsù bilahi," wọ́n sì fa ìborùn mọ́ra. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà wọ́n. Ọ̀bẹ kò bà wọ́n lẹ́rù, ẹ̀jẹ̀ kò bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tí mo wá dé ibi tí ẹ̀dá náà dìde dúró, tó la ẹnu, ibi tó pa mí lẹ́kún, Ìyá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Alihamudulilai. Ó ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

Ó bí mi nínú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ibi tó burú jù nìyẹn. Wọ́n ti padà sídìí ẹ̀gúsí.

"Ta ló fún ọ níwèé yìí?" Ìyá béèrè.

"Olùkọ́ mi òyìnbó ni."

"Ta ni wọ́n ń bá gbé?"

"Ó ń dá gbé ni."

"Wọn ò lọ́mọ? Wọn ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n?"

"Mi ò rí ẹnìkan níbẹ̀ rí, Ìyá. Àfi ìwé."

"Irú ìwé yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìka ọwọ́ wọn pé?"

"Ó pé, Ìyá."

"Ti ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Bàtà ni wọ́n máa ń wọ̀," ni mo wí, ẹ̀rù sì ti jẹ́ kí n rántí "wọ́n".

Ìyá wo Àǹtí, Àǹtí wo Ìyá. "A ó lọ kí wọn ní Sátidé," Ìyá wí.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣàlàyé pé òyìnbó kì í fẹ́ àlejò òjijì, pé ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ fún un. Wọ́n ní ṣé ẹni tí ilé ń jó lórí rẹ̀ ni a máa ń kọ̀wé sí ká tó bu omi. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, wọ́n fi ẹ̀kọ tì í, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ síbi Yídì, a sì wọ takisí lọ sí ọgbà yunifásítì. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbàdúrà pé kí olùkọ́ mi má sí nílé.

Ó wà nílé. Aṣọ ilé ló wọ̀, irun rẹ̀ tutù. Ó wò mí, ó wo Ìyá, ó wo kúlà, ojú rẹ̀ sì funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ló kú?" ló fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà. A wá kí yín ni."

"Kí ẹ kí mi nítorí kí ni?"

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá béèrè.

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, Ìyá."

Ìyá jókòó sórí àga tó dára jù nínú ilé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kí i kú ilé, kú iṣẹ́, kú ọjọ́ mẹ́ta, kú ojú lọ́nà ẹni tí kò sí nítòsí. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí "ẹ kú àárọ̀". Lẹ́yìn náà, Ìyá dákẹ́. Àbẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ á wá nígbà tó bá fẹ́ wá. Olùkọ́ mi jókòó sétí àga rẹ̀, ó ń wo aago ara ògiri. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sílípáàsì ló wọ̀. Ìka márùn-ún, márùn-ún. Mo rí i pé Ìyá náà ti kà wọ́n.

"Ìgbà wo ni ìyá yìí máa lọ?" olùkọ́ mi fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé ẹ máa mu tíì, Ìyá."

"Màá mu ún dáadáa."

Mo yíjú sí olùkọ́. "Ó ní tíì ló kù kó mu kó tó lọ, Mà." Báyìí ni mo ṣe fọwọ́ ara mi sún àbẹ̀wò náà di ọ̀sán. Nígbà tí a mu tíì tán, Ìyá dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná láì béèrè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. "Kí ló ń wá níbẹ̀?" olùkọ́ mi sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́. Mo ní bóyá ọ̀nà ìta ni. Mo ti ń lá àlá pé wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ìyá jáde, wọ́n ń nu ọwọ́, wọ́n sì dúró níwájú fọ́tò arúgbó obìnrin kan lára ògiri.

"Ìyá wọn rèé?"

Mo béèrè. Olùkọ́ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìyá òun ti kú. Ó wá fi kún un, láì tíì sí ẹni tó bi í, pé inú ilé ni ìyá òun kú sí, òun nìkan, pé ẹni tó ń pín lẹ́tà ló fura nígbà tí lẹ́tà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun wà ní Ifẹ̀ níhìn-ín nígbà náà, òun ń kọ́ni.

Gbogbo ọgbọ́n mi parí níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ìyá lọ jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ kú ìrọ́jú."

Olùkọ́ mi ní kí n sọ fún wọn pé ó ti pẹ́. Ó ní ìyá òun fẹ́ràn kó máa dá wà. "Sọ fún un pé bó bá lọ kí ìyá mi bó ṣe wá kí mi yìí, inú ìyá mi kò ní í dùn rárá."

Ìyá gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n mi orí. "Kí inú wọn má dùn," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n sáà wà láàyè tí inú ò fi ní í dùn."

A jẹ mọ́ínmọ́ín. Olùkọ́ mi jẹ méjì. Nígbà tí a fi máa lọ, kò wo aago mọ́, ṣùgbọ́n kò ní ká dúró.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ti pèsè ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Ó ní kí n jókòó, ó sì la ẹnu, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀: "Wọ́n ní ṣé ẹ máa mu tíì, Ìyá."

Ilẹ̀ kò lanu.

"Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ Yorùbá," ló wí, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì. "Mi ò lè sọ ọ́ lójú ènìyàn, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ. Ṣé bó o ṣe máa ń túmọ̀ nǹkan nínú ìdánwò náà nìyẹn?" Nígbà tó wá rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní Ifẹ̀, òun kò gbádùn ọ̀sán kan tó bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó ti kúrò nínú ìpayà. Ó ní òun fẹ́ dá kúlà padà fún Ìyá.

Mo mú un lọ sí Òkèrèwè. Gbogbo agboolé ló jáde. Wọ́n kí i, wọ́n fọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n sì yí i ká láti wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ó fara dà á. Nígbà tí mo ń sìn ín lọ wọ takisí, ó ń wo ẹ̀yìn léraléra.

"Mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó báyìí rí nínú ìwé," ló wí. "Nínú ìwé, ẹyọ kan ló máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nílé yín, ilẹ̀kùn kò sí, ogún ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń rẹ́rìn-ín."

Mo rò pé kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n ó padà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé kan dání, ó bi Ìyá ní Yorùbá, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì, pé ṣé òun lè jókòó kàwé láàárín wọn láì sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Kàyéfì ni lójú wọn, kí ènìyàn gbéra láti ọ̀nà jíjìn wá dákẹ́. Ìyá sún àga kan mọ́ máṣíìnì Àǹtí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàwé," ni wọ́n wí. "Wọ́n ń bá wa jókòó náà nìyẹn." Ó sì ń wá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ Sátidé, á kàwé rẹ̀, á jẹ ẹ̀pà, á dìde, á lọ. Èmi náà máa ń jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tèmi. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo dẹ́kun wíwọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú. Mo rò pé Àǹtí ló tú ọ̀kan, tó fi ṣe ìwọ̀n tó ń fi gé aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ní àkókò yìí ni mo pinnu láti kọ ìwé adẹ́rùbani tèmi. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gùn, ikú pọ̀ nínú rẹ̀ ju ènìyàn lọ, tí mo fi ní láti máa jí àwọn kan dìde kí n lè tún wọn pa. Mo gbé e fún olùkọ́ mi pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ èké. Ó dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tó fi yíǹkì pupa kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́: Kí ló dé tí òjò dídì fi ń bọ́ ní Òkèrèwè? Nínú gbogbo ìwé adẹ́rùbani tí mo ti kà, òjò dídì máa ń bọ́. Mo rò pé dandan ni.

Nígbà tí owó ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí àwọn olùkọ́ àjèjì ń padà lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ náà tó àkókò. Ó wá dágbére ní Òkèrèwè. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá, orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ ró, kò sì lè dìde mọ́, èmi àti Àǹtí la fà á sókè. Ìyá bi í pé ta ni yóò máa bá gbé tó bá délé. Ó ní òun ti bá àbúrò òun obìnrin sọ̀rọ̀, pé àwọn méjèèjì yóò jọ gba ilé kan, bí wọ́n kò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn púpọ̀.

"Kò burú," Ìyá wí. "Ẹ ó máa jà. Ìjà náà dára."

Ó fi páálí ìwé kan sílẹ̀ fún mi, gbogbo ìlà tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn ìwé ńlá. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ni ín. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ti kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá ní kí n gbé páálí náà wá, kí n mú èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Mo mú èyí tí ọkọ ti pa ìyàwó rẹ̀, tó sì kó egungun rẹ̀ sínú ògiri yàrá. Mi ò tíì ka ojú ewé kejì tán tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn lórí bóyá ìyá ọkọ náà mọ̀ sí i. Àǹtí ní ó mọ̀. Ìyàwó ilé kan ní irọ́ ni, kò mọ̀, àwọn ará ilé ìyàwó ló yẹ kí wọ́n ti wá béèrè ọmọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé ìwé náà kò sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rárá. Ìyá ní kí n dákẹ́ ná, kí n jẹ́ kí wọ́n parí ẹjọ́ yìí.